"Ó Dáa" Orí WhatsApp Kì Í Ṣe Ìfọwọ́sí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kan ní Wuse 2, l'Abuja, ni mo wà, èmi ni mo máa ń kọ ohun tí ẹ̀ka ìnáwó bá fẹ́ kí àwọn IT (ẹ̀ka kọ̀ǹpútà) ṣe. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìnáwó lórí WhatsApp, wọ́n ní "ó dáa", IT ṣe é tán, ọ̀gá ìnáwó wá láwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an. Èèyàn lè wà nínú gosíloò Kubwa kó tẹ "ó dáa" láì ka ojú ìwé kan. Ìwé kan ṣoṣo tó ní gbogbo ohun tí ìnáwó fẹ́ ni kó wà, fún un ní nọ́ńbà, 1.0, tó bá yí padà ó di 1.1, kí wọ́n sáìn ẹ̀ pẹ̀lú déètì. Má jẹ́ kí èèyàn mẹ́jọ máa sáìn o! Ẹnì kan tó láṣẹ ní ìnáwó, ẹnì kan ní IT tó máa sọ pé ó ṣeé ṣe, ó tó. Jókòó ti ọ̀gá yẹn kẹ́ ẹ jọ kà á. Má kọ "kó yára", kọ "kí rìpọ́ọ̀tù jáde láàárín sẹ́kọ́ǹdì 5", torí ohun tá ò lè wọ̀n ni ìjà máa ń dá lé lórí nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Tí wọ́n bá tún yí ọkàn padà, kò burú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí IT kọ iye ọjọ́ àti owó tó máa lé sí i sábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sáìn ìyẹn náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù.