Ìbéèrè Yín: Bí Òwú Ṣe Lọ́ Ló Ń Sọ Iṣẹ́ Tó Lè Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń hun aṣọ òfì. Mo ra òwú funfun kan tó rọ̀ dáadáa, mo ta á sórí òfì, àmọ́ jíjá ló ń já ṣáá. Ṣé òwú tó ti gbó ni wọ́n tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Òwú yẹn lè má lábùkù rárá, ibi tí ẹ fi í sí ni kò bá a mu. Ó jọ pé òwú oníkan ni, èyí tí wọ́n ràn tí wọn ò fi òmíràn lọ́ mọ́ ọn. Àìlọ́ dáadáa ló jẹ́ kó rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òwú títa, ìyẹn èyí tí a nà gùn sórí òfì, sì ń fà gan-gan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òòyà òfì sì ń ha á lára ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbá aṣọ. Á kọ́kọ́ hurun, irun yẹn á há mọ́ ti òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àyè ò ní í là fún ọ̀kọ̀, ìyẹn igi tó ń gbé òwú ìdábùú, láti kọjá, lẹ́yìn náà ló máa já.

Ẹ gé nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ ní orí méjèèjì. Bó bá ń yọ́ já láìdún, kì í ṣe òwú títa. Oníméjì tó lọ́ le ni kí ẹ wá.

Ẹ má da èyí tó wà nílẹ̀ nù. Ẹ ká a sínú ọ̀kọ̀: òwú inú ọ̀kọ̀ kì í fà tó bẹ́ẹ̀, rírọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ kó tẹ́ bo ojú aṣọ. Bó bá di dandan kí ẹ ta á, ẹ fi omi tútù po sítáàṣì ṣíbí ìjẹun 2, ẹ bu omi kún un kó pé lítà 1, ẹ rò ó lórí iná títí á fi dán. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rẹ òwú sí i, ẹ fún un, ẹ nà án sá. Ẹ ya wọ́n kúrò lára wọn kí wọ́n tó gbẹ tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀, torí gbígbẹ ń jẹ́ kó tètè já.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí òwú máa ń tú ká lẹ́nu abẹ́rẹ́ kíróṣè mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ na òwú náà sókè, ẹ wo ibi tó dà sí. Ọ̀pọ̀ òwú ìhunṣọ ló lọ́ bí àárín lẹ́tà S, ọwọ́ ọ̀tún tó ń kíróṣè sì ń tú irú ìlọ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lọ́ ọ̀pọ̀ òwú kíróṣè bíi Z. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀rọ̀ yí padà. Onímẹ́ta tó lọ́ le kì í sábà là, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto náà sì ń ṣèrànwọ́.

ÌBÉÈRÈ: Súwẹ́tà ọmọ tí mo hun wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́. Ṣé kí n lọ̀ ọ́?

ÌDÁHÙN: Áyọ́ọ̀nù ò ní í tọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Òwú oníkan tí ìlọ́ ṣì kù nínú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà po sí méjì, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Bó bá ń wé mọ́ ara rẹ̀, òun nìyẹn. Ẹ tú súwẹ́tà náà, kí ẹ da nítì (ojú ìhun tó tẹ́jú) àti pọ́ọ̀lù (òdì rẹ̀) pọ̀ lójú kan náà nígbà tí ẹ bá ń tún un hun, tàbí kí ẹ lọ́ òwú méjì pọ̀ sí apá òdìkejì ibi tí wọ́n ti ràn án sí.