Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Omi Ewé Nìkan Kò Lè Bá Oòrùn Jà

Ìbéèrè: Oko iṣu ni mo ń ṣe. Wọ́n ní omi gírín tíì máa ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn. Mo rẹ ẹ́, mo fún òroḿbó wẹ́wẹ́ sí i kó má baà dúdú, mo sì fi pa apá lọ sóko. Lọ́jọ́ kejì, apá ń ta mí, ó lé ròrò, ibẹ̀ sì wá dúdú bí èédú. Ṣé tíì ló fà á? (Ìyá Ìbejì, Ìjerò-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira. Tíì kọ́, òroḿbó wẹ́wẹ́ ni. Omi rẹ̀, pàápàá èyí tó jáde lára èèpo, ní èròjà kan tí oòrùn máa ń jí dìde láti jó awọ. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan sí méjì ló ń gbà kó tó léròrò. Dúdú rẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù díẹ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ẹ má sì fi ìpara tí ń bóra lé e, torí ṣe lẹ tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún oòrùn. Bó bá ń ṣọyún, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ti tíì wá kù. Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB ló ń jó ojú awọ, tó sì ń ba DNA (èròjà àbùdá) inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lọ́gán. UVA, ìtànṣán oòrùn mìíràn, wọlé jìn jù ú lọ. Ó ń dá àwọn èròjà apanirun sílẹ̀ tí ń jẹ sẹ́ẹ̀lì láti inú. Ibí yìí ni ewé ti wúlò: EGCG, èròjà kan nínú gírín tíì, máa ń pa agbára èròjà wọ̀nyẹn. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dán an wò nínú àwo nílé ìwádìí kò ní èèpo awọ lórí, tiyín ní. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tẹ́ ẹ bá rẹ àpò tíì kan (2 gíráàmù) sínú omi 200 mìlílítà, ohun inú ewé tó yọ́ sínú omi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 0.3% omi ọ̀hún lọ. Omi lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ fi àpò méjì sínú omi 100 mìlílítà tó ti hó, tẹ́ ẹ ti gbé kúrò lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ọjọ́ méjì péré; tó bá ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún wákàtí 48 láti wo bó ṣe bá ara yín mu. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ tuntun, ẹ fi òwú pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi ìpara adènà oòrùn tí ìwọ̀n ààbò rẹ̀ (SPF) jẹ́ 30 lé e.

Ìpara yẹn gan-an ni olórí iṣẹ́. Fún ojú àti ọrùn, ẹ fún un kó gba gbogbo gígùn ìka méjì. Ọ̀pọ̀ ń pa ìdajì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, kíákíá sí i bí òógùn bá ń dà.

Ìbéèrè: Àfín lọmọ mi. Ìpara wọ́n. Ṣé mo lè fi omi ewé rọ́pò rẹ̀? (Bàbá Tóyìn, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ìdáhùn: Rárá o. Tówó bá kéré, aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an sí: apá gígùn, ṣòkòtò gígùn, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó 7.5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀; bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà á kọjá, oòrùn náà á gbà á. Kí ìpara wá kárí ojú, etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbòòji láti aago 10 àárọ̀ di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Egbò tí kò bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ eléwé.

Ìbéèrè: Ṣé ewé mọ̀ríńgà tí mo sá sóòrùn ṣì wúlò? (Ọmọ Ọ̀yẹ́)

Ìdáhùn: Oòrùn tá à ń sá fún lẹ tún ń sá ewé sí! Ìtànṣán náà ń jẹ fítámì inú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹ máa yí i lójoojúmọ́ títí yóò fi máa rún lọ́wọ́. Bó bá bu, ẹ dà á nù.