Èsì: Nípa ìjàpá òkun Kemp's ridley

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé irú ìjàpá òkun kan wà tó jẹ́ pé agbègbè kékeré kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń yé ẹyin. Òótọ́ ni. Kemp's ridley ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ó kéré jù nínú gbogbo ìjàpá òkun. Omi Gulf of Mexico ni ó ń gbé jù, ní ibi tí omi kò ti jìn, tí akàn tó fẹ́ràn láti máa jẹ sì ti pọ̀.

Etíkun Rancho Nuevo, ní ìpínlẹ̀ Tamaulipas ní Mẹ́síkò, ni ibi tí ẹ ń béèrè. Àwọn abo a máa gòkè lọ́wọ̀ọ́wọ́ níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, bí ẹni pé ojú èèyàn kò bà wọ́n lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ òru ni ọ̀pọ̀ ìjàpá òkun yòókù ń yé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, a yé nǹkan bí ẹyin 100 sí i, a sì padà sínú omi. Ooru iyanrìn ni yóò pinnu akọ tàbí abo. Ibi tó bá gbóná ni abo ti ń pọ̀ jù.

Fíìmù kan tí wọ́n yà ní 1947 fi abo tí wọ́n fojú díwọ̀n sí 40,000 hàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di 1985, ìtẹ́ 702 péré ni wọ́n kà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń yé ẹyin lọ́dún náà, nítorí àwọn tó ń kó ẹyin wọn àti àwọ̀n àwọn apẹdé tó ń rì wọ́n.