Ẹ Bi Wá: "Ọkàn Mi Ń Sọ Pé Mi Ò Ní Ṣe Rere"

Ìbéèrè: Mò ń ta aṣọ ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọjà bá ti kùtà, ọkàn mi á ní mi ò ní ṣe rere láyé. Mo gbààwẹ̀ títí, kò lọ. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹ dá ààwẹ̀ dúró ná. Ebi a máa mú irú èrò yìí le sí i. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun àti àkàrà ló kọ́kọ́ rí gbà.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Bí èrò náà bá dé, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sápá òsì: "Mi ò tà lónìí." Ẹ kọ ohun tí ọkàn fi kún un sápá ọ̀tún: "Mi ò ní ṣe rere." Apá ọ̀tún yìí ni 2 Kọ́ríńtì 10:5 ní ká dì ní ìgbèkùn. Ẹ wá ibì kan ṣoṣo nínú Bíbélì tó dá gbólóhùn yẹn lóhùn, irú bí Ẹkún Jeremáyà 3:22-23. Ẹ kà á sókè láàárọ̀, lálẹ́, àti nígbàkígbà tí èrò náà bá yọjú, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kì í ràn. Ẹnu á máa kà, ọkàn á ti lọ.

Ọ̀pọ̀ a máa lé èrò jáde láìfi nǹkan kan rọ́pò. Ẹ wo Mátíù 12:44-45 lórí ilé tí a gbá tó ṣófo: ẹ̀mí tó jáde níbẹ̀ padà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀mí méje mìíràn.

Bí oorun bá ń dá lójú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rí dókítà. Bó bá jẹ́ èrò ikú ni, ẹ má dúró de ìsọjí rárá: kí ẹnì kan mú yín lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen lọ́jọ́ náà.