Alábàárù tó ru sìmẹ́ǹtì, ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọbìnrin mi tó ń múra WAEC sílẹ̀ ló kà á sí mi létí nínú ìwé físíìsì rẹ̀ pé ẹni tó ru ẹrù rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ṣe iṣẹ́ kankan. Sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí bí òógùn ṣe ń bo àwọn alábàárù. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ojú yín rí. Ìwé ló gé ọ̀rọ̀ kù: "lórí ẹrù náà" ló yẹ kó fi kún un, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá yọ ọ́.

Lẹ́nu tiwa, gbogbo làálàá ni iṣẹ́. Nínú físíìsì, àfi kí ipá ti nǹkan, kí nǹkan náà sì sún lọ síbi tí ipá ọ̀hún kọjú sí. Ẹ wo àpò kan ní ṣọ́ọ̀bù yín. 50 kílò ni, ilẹ̀ sì ń fà á pẹ̀lú ipá bíi 500 newton (newton ni wọ́n fi ń wọn ipá). Tí wọ́n bá bá alábàárù gbé e láti ilẹ̀ dé orí òṣùká, ká ní mítà 1.5, a ó fi ipá sọ mítà tó gbà lọ di púpọ̀: iṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 500 × 1.5, ìyẹn 750 joule (joule ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́). Òkè ni wọ́n tì í sí, òkè náà ló lọ.

Bó ṣe wá ń rìn, orí àti ọrùn rẹ̀ ṣì ń ti àpò sókè kó má baà já bọ́, àmọ́ iwájú ni àpò ń lọ. Kò ga sí i, kò relẹ̀. Òdo ni iṣẹ́ ipá yẹn, ì báà rin ogún mítà, ì báà rin ìbùsọ̀ kan. (Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi ṣí kúrò lójú kan ní iṣẹ́ díẹ̀ nínú.) Tó bá gun àtẹ̀gùn tó ga ní mítà 3, 1,500 joule ti wọlé nìyẹn.

Òógùn wá ńkọ́? Iṣan ara tó ń gbé ẹrù dúró kì í sinmi. Àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ń súnkì, wọ́n ń dẹ̀, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ ni wọ́n ń sun, ooru ló sì ń dà. Tábìlì tí ẹ gbé irú àpò yẹn lé kì í jẹun, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Nínú ìdánwò, kí ọmọ yín kọ́kọ́ fi ọfà ya ibi tí ipá kọjú sí, kó fi òmíràn ya ibi tí nǹkan náà lọ. Bí ọ̀kan bá dúró ṣánṣán tí èkejì dùbúlẹ̀, kó kọ òdo.