Ẹ Bi Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Tòmátì Ṣì Ń So, Òjò Sì Ti Dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Adátán níbí ni mò ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé mi kò ju ìdajì púlọ́ọ̀tì lọ. Láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń fa omi kànga bomi rin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti tòmátì níbẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Kẹta yìí. Ará ilé kejì ní kí n tètè fá gbogbo rẹ̀, kí n gbin ilá àti ewédú, pé bí mo bá pẹ́, òjò á fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tòmátì mi ṣì ń so, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú o. Kí tòmátì máa so lórí omi kànga títí di oṣù Kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ẹ má fá a. Òjò ẹ̀ẹ̀mejì kò tíì sọ ọ́ di ìgbà òjò ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ kìíní oṣù Kẹta, èmi náà sáré gbin àgbàdo. Ó hù, ó yọ ewé mẹ́ta, ni òjò bá dá. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò fi rí ẹ̀kán omi kan. Àgbàdo yẹn gbẹ níṣojú mi. Láti ìgbà náà, mo máa ń ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ kí n tó tú irúgbìn sílẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí òjò ti dá, tí ilẹ̀ ṣì tutù láti orí ìka mi dé ọrùn ọwọ́, mo mọ̀ pé omi ti wọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí ìka nìkan ló tutù, mo dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní kànga. Ẹ kò dà bí àwa tí ojú ọ̀run là ń wò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì fi omi kànga gbè é bí òjò bá dá. Tẹ̀tẹ̀ tó ti ń yọ orí tó fẹ́ so èso, ẹ fà á tu lákọ̀ọ́kọ́, ewé rẹ̀ kò ní dùn mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ilá. Ṣọkọ lè tẹ̀ lé e. Tòmátì ni kó gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ ó máa wò lára tòmátì náà rèé. Bí òjò bá ń ta erùpẹ̀ sí ewé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé gbogbo ewé tó súnmọ́ ilẹ̀ kúrò. Nígbà tí ìdajì ewé tó kù bá ti ní àmì dúdúdúdú tàbí tó ti pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ká gbogbo èyí tó ti ń fi pípọ́n hàn wọlé, wọn á pọ́n nínú agbọ̀n. Tòmátì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn oṣù Kẹfà níbí, omi máa ń pọ̀ jù fún un. Igi tó bá rọ lójijì ní ọ̀sán gangan tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ tètè fà á tu kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sórí ààtàn tí ẹ ti ń kó ilẹ̀dú.

Bí ẹ bá ti ń fà wọ́n tu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ gbòǹgbò wọn wò. Bí ẹ bá rí kókó wúruwùru lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kòkòrò tíntìntín kan ló wà nínú ilẹ̀ yẹn tí ojú lásán kò lè rí. Ilá, ewédú àti ṣọkọ wà lára ohun tó fẹ́ràn jù. Àgbàdo ni kí ẹ gbin sójú ibẹ̀ lọ́dún yìí, kí ẹ gbé ilá lọ sí ibi tí tẹ̀tẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín, ẹ kò tilẹ̀ bi mí: ebè yín ńkọ́? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń gbẹ́ ojú ebè wọ inú díẹ̀, a ó sì fi erùpẹ̀ ṣe etí yí i ká kí omi tí a pọn má baà ṣàn lọ. Bí òjò bá dé bá irú ebè bẹ́ẹ̀, ó di agbada omi. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀bá odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Odò Ògùn ni oko mi wà. Lóṣù Kẹfà kan, òjò rọ̀ mọ́jú, nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ṣọkọ mi dúró nínú omi bí ìrẹsì. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fa ọ̀kan tu: gbòǹgbò ti dúdú, ó ń rùn. Ebè mẹ́fà ló lọ báyẹn, nítorí pé mo pààrọ̀ irúgbìn, n kò pààrọ̀ ebè.

Nítorí náà, ẹ tú etí yẹn palẹ̀, kí ẹ kó erùpẹ̀ ojú ọ̀nà sórí ebè títí yóò fi ga kọjá kókósẹ̀ yín. Kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láìtẹ ebè mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ìlú wa yìí, òkè àti àpáta ni, omi òjò máa ń sáré níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kó má kọjú sí ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò kan á gbá gbogbo ilẹ̀dú yín lọ sójú gọ́tà.

Ní ti irúgbìn: ilá, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sí ihò kan, nígbà tó bá hù kí ẹ dá alágbára kan sí. Ẹsẹ̀ bàtà 2 láàárín ìlà, 1 láàárín igi. Ewédú máa ń ṣorí kunkun láti hù. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ kì í bọ omi tó ń hó, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Bó bá jẹ́ àgbàdo ni ará ilé kejì yín ń sọ, kò parọ́, ìyẹn kì í dúró de ènìyàn. Ṣùgbọ́n ewédú tí ẹ bá gbìn ní oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún, ọ̀sán gígùn máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó yọ òdòdó, ẹ ó sì gé ewé rẹ̀ ju ti oṣù Kejìlá lọ. Ẹ kò pẹ́ rárá.

Ìbéèrè: Ìyá, mo ra ìgbẹ́ adìyẹ, mo dà á sórí ebè mi ní Ìbarà, mo gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó hù jó, èyí tó kù kò hù rárá. Ṣé irúgbìn ni kò dára?

Ìdáhùn: Ìgbẹ́ tútù ni. Ó gbóná, ó ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbi tí òjò kò ní gbá a, ẹ bò ó, ẹ máa yí i padà, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, títí kò fi ní rùn tí kò sì ní gbóná mọ́ bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ìgbà òjò, ẹ má dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí méjì, nítorí òjò á fọ díẹ̀ lọ. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀: ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ebè kí òjò má baà gbá a jọ sójú kan. Bó bá ti ń hù, ẹ tètè ṣí imọ̀ náà kúrò ní ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè: Mo ní àkùrọ̀ lẹ́bàá Odò Ògùn, níhà Láfẹ́ńwá. Ṣé mo lè máa gbìn ín lọ títí di oṣù Kẹsàn-án?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbin ohun tí ẹ ó ti ká kúrò kí oṣù Keje tó wọlé, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre dára fún èyí. Odò náà máa ń kún lẹ́yìn ìgbà náà, kì í sì í ṣe òjò ìlú wa nìkan ló ń kún un: omi Odò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣe dáàmù sí ní 1983, inú rẹ̀ ló ń bọ́ sí lókè ọ̀hún. Òjò lè má rọ̀ ní Láfẹ́ńwá kí omi ó bá yín lóko. Ẹ wá ilẹ̀ kékeré sókè fún ìgbà òjò, kódà bó jẹ́ ebè mẹ́ta péré. Nígbà tí omi bá fà ní oṣù Kọkànlá, ẹ padà sí àkùrọ̀ yín. Ẹrẹ̀ tí omi bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, tòmátì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.