Òjìji ayé kọ́ ló ń gé òṣùpá kù lóṣooṣù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, òṣùpá yọ ní Bẹẹrẹ níbí, ó pọ́n bí epo. Ọmọ ọmọ mi ní òjìji ayé ló bò ó, àti pé òjìji yìí náà ló ń gé e kù lóṣooṣù. Kí ló dé tí kì í wá pọ́n lóṣooṣù? Ìyàwó ọmọ mi lóyún, a ò jẹ́ kó jáde wò ó. Ṣé a ṣe dáadáa? – Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tọ̀nà. Òjìji ayé ló bo òṣùpá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́ nínú bó ṣe ń tóbi tó sì ń kéré lóṣooṣù. Kò sí àṣìṣe tí mo ń bá pàdé ní kíláàsì tó èyí.

Bí iná bá lọ lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e síbi tó ga tó ojú ọmọ náà. Kó mú ọsàn kan, kó na ọwọ́ síwájú, kí ọsàn ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀. Iná ni oòrùn, orí rẹ̀ ni ayé, ọsàn ni òṣùpá. Tó bá kọjú síná, ẹ̀yìn ọsàn ló ń tàn, òun ò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan lára rẹ̀: oṣù wọ òkùnkùn nìyẹn. Kó máa yí díẹ̀díẹ̀, etí ọsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn tẹ́ẹ́rẹ́: oṣù lé. Nígbà tó bá kẹ̀yìn síná, ojú ọsàn á mọ́lẹ̀ tán: òṣùpá àrànmọ́jú. Ìdajì ọsàn kò yéé tàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti ń wò ó ló ń yí padà. Nǹkan bí ọjọ́ 29 àtààbọ̀ ni òṣùpá fi ń parí èyí.

Kó ṣì kẹ̀yìn síná, kó wá rọra sọ ọsàn kalẹ̀ títí òjìji orí rẹ̀ á fi bò ó. Ohun tí ẹ rí ní Bẹẹrẹ nìyẹn! Ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà dagun díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 5, sí ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká. Nítorí náà, lọ́pọ̀ oṣù, ó ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji kọjá. Ó pọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ ayé máa ń darí ìmọ́lẹ̀ pupa wọ inú òjìji náà, bó ṣe ń mú kí oòrùn pọ́n nírọ̀lẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2026, òjìji á tún bo èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 13, ẹ kọjú sápá Apata, níhà ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn.

Kí aláboyún yín jáde wò ó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dín kù ló ń bọ̀ lára òṣùpá, kò lè ṣe òun àti oyún ní nǹkan kan.

Oòrùn nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nígbà tí òṣùpá bá bò ó, bíi ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ranjú mọ́ ọn. Awò dúdú lásán kò tó, bẹ́ẹ̀ ni wíwo àwòrán rẹ̀ nínú ọpọ́n omi kò dára fún ojú, nítorí ẹyinjú lè jóná láìdunni. Ẹ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ wo ilẹ̀: gbogbo ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń gba àárín ewé wọlé á rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.